‘Ìnira Ìkẹ́kọ̀ọ́’ àti Òye Ìmọ̀lára: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí A Lò

Ní ọdún 1963, Samuel Kirk, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dábàá orúkọ kan níwájú àwọn òbí tí ó pé jọ ní ìlú Chicago. Orúkọ náà wà fún ìṣòro àwọn ọmọ tí ojú wọn ríran, tí etí wọn gbọ́ràn, tí ọpọlọ wọn sì pé, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà, ìwé kíkọ tàbí ìṣirò nira fún. ‘Ìnira ìkẹ́kọ̀ọ́’ ni a ó máa pè é níhìn-ín. A kò fara mọ́ ‘àìpé ọpọlọ’, nítorí irọ́ ni ó ń pa mọ́ ọmọ náà. ‘Olódo’ tilẹ̀ tún burú jù: máàkì ìdánwò ni a fi sọ ọmọ ènìyàn lórúkọ.

Orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa ba ẹ̀kọ́ gan-an jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘bí’ àti ‘dí’. Bí olùkọ́ bá ní kí ó dìde kàwé, ó ń wá ìyàtọ̀ lẹ́tà náà, ó sì tún ń ṣọ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìrántí tí a fi ń di ìró mú títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde kò gbòòrò. Bí ẹ̀rù bá ti gba apá kan nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù ni ọmọ náà yóò fi kàwé.

Níhìn-ín ni ‘òye ìmọ̀lára àti ìbágbépọ̀’ ti wúlò. Ọmọ tí ó ní ‘ìmọ̀-ara-ẹni’ yóò lè sọ pé, “Lẹ́tà yìí ni ó ń dà mí láàmú,” dípò “N kò mọ̀wé.” Èyí tí ó ní ‘ìkóra-ẹni-níjàánu’ yóò mí kanlẹ̀, yóò sì tún ìlà náà bẹ̀rẹ̀. ‘Ìgbatẹnirò’ kàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn kan lè béèrè ìdí tí a kò fi pè é ní ‘ìwà ọmọlúàbí’. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí a bá lò ó, ọmọ tí ó fa ìwé ya nítorí ìtìjú yóò di ẹni tí a kò kọ́ nílé, ẹ̀bi yóò sì bọ́ sórí ìyá rẹ̀. Òye ni èyí, tí a lè fi kọ́ni díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń kọ́ni ní ayò títa.

Ní ọdún 2011, Joseph Durlak àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí lórí ètò 213, tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ 270,034. Ìdàgbàsókè tí wọ́n rí nínú ẹ̀kọ́ tó ipò 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ lápapọ̀ ni wọ́n wò, kì í ṣe àwọn tí ó ní ìnira nìkan. Kí a má ṣe fi ẹnu ìwádìí náà sọ ohun tí kò sọ. Bẹ́ẹ̀ ni òye yìí kò lè rọ́pò kíkọ́ ọmọ ní ìró àti lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ọmọ yóò lè dúró ti ẹ̀kọ́ náà.

Nínú ìwé èsì ìdánwò, ‘ó ní ìnira ìwé kíkà’ ni a dábàá kí olùkọ́ kọ, kí ó sì dárúkọ àwọn lẹ́tà tí ó ń dà á láàmú.