Ọ̀pá Omi tí Ó Dí ní Ìgbà Òtútù: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìperí Kan

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, òtútù mú ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtéènì dé ibi pé kò sí oṣù Kejìlá mìíràn tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1910. Ní òwúrọ̀ tí òtútù náà le jù gan-an ni ẹ̀rọ amúlémóoru dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Kì í ṣe pé gáàsì tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ọ̀pá oníke tín-ín-rín kan tí ó gba ara ògiri yọ síta ni omi dì sí nínú. Irú èyí lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester ní ìgbà òtútù èyíkéyìí. Bí ògbufọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá àgbà tí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó níbẹ̀, tí òun àti ọmọ nìkan sì wà nílé, ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi mélòó kan ni yóò kọ́kọ́ dè é lọ́nà.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ omi náà fúnra rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni òfin ilé kíkọ́ ní Ẹ́ńgílándì àti Wéèsì ti pa á láṣẹ pé ẹ̀rọ alágáàsì tuntun, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí òfin yọ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ́ kí ooru inú èéfín ṣòfò. Bí gáàsì bá ń jó, omi máa ń wà nínú èéfín rẹ̀, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ni ó ṣe wà níbẹ̀, ojú kò rí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bá mú kí èéfín yìí tutù tó bí 55°C tàbí kí ó dín, afẹ́fẹ́ omi náà a padà di omi gidi, a sì fi ooru tí ó gbé pamọ́ sílẹ̀ fún ilé. Omi yìí kan bí omi ọsàn, ó sì lè jẹ bàbà, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pá oníke ni wọ́n ń lò fún un.

Òógùn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn ènìyàn, nítorí wọ́n a máa sọ pé ìgò ọtí tútù ń làágùn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Inú ara ni òógùn ti ń jáde. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé omi inú ìgò ni ó yọ́ jò sí ẹ̀yìn ìgò. Ìrì sún mọ́ òtítọ́ ju òógùn lọ, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni ìrì ti ń sẹ̀ sórí ohun tí ó tutù. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti mú "ìrì dídì" fún ohun mìíràn, èyíinì ni ìrì tí ó funfun lórí koríko nígbà òtútù. Bí omi inú ọ̀pá bá wá dì, kí ni ògbufọ̀ yóò pè é tí kò ní da méjèèjì pọ̀? "Omi èéfín" ni ó yẹ kó borí. Ó sọ ibi tí omi náà ti wá, kò sì gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ṣe.

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá yóò béèrè ni pé kí ló dé tí omi ilé ìwẹ̀ kì í sábà dì nínú ọ̀pá tirẹ̀. Omi ìwẹ̀ pọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń tú yàà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá a sì ṣófo. Omi èéfín ń kán tó, tó, tó ni. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣekára, ó lè má ju bíi lítà 2 lọ ní wákàtí kan. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ti pàdánù ooru rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀pá. Èyí tí ó bá dì, èyí tí ó tẹ̀ lé e a dì mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí àbẹ́là ti ń yọ́ ṣàn tí ó sì ń dì mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀.

Níbi yìí ni ohùn ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì. Omi *di* yìnyín, yìnyín *dì* mọ́ inú ọ̀pá, ọ̀pá *dí*. Ìwé tí kò bá fi àmì ohùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ì tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, *dì* ní ìtumọ̀ tí ó gbòòrò: epo pupa ń dì nígbà ọyẹ́, òrí ń dì, ẹ̀kọ ń dì. Epo a máa sún kì bí ó bá dì. Omi kò rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n tí ó gba àyè 100 nígbà tí ó jẹ́ omi yóò gba bíi 109 nígbà tí ó bá di yìnyín, bí ẹni tí ó ti gbàgbé ìgò omi sínú fìrísà ti mọ̀ dáadáa. Nítorí náà ó sàn kí *dì* jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogboogbò, kí "di yìnyín" sì jẹ́ ti omi nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ti òjò ni àwọn àgbà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀pá omi èéfín, dídí ni ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ ju bíbẹ́ lọ, nítorí ẹnu ọ̀pá ṣí sílẹ̀. Omi a padà sẹ́yìn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a máa dún gbúlúgbúlú, a sì pa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá jù ni *gbóná*. Ìwé ìlànà a máa ní kí onílé da omi sí ọ̀pá náà láti ìta títí yìnyín yóò fi yọ́, kí ó sì má ṣe lo omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Bí ògbufọ̀ bá kọ "omi gbígbóná" lásán, ìyá àgbà lè gbé kẹ́tù kúrò lórí iná tààrà. Omi híhó lè mú kí ike tí ó ti tutù jù sán, ó sì lè bó ẹni tí ó gbé e. "Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́" ni kí ó kọ. Bí ó bá sì fi kún un pé irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ ìkókó, kò sí ìyá àgbà tí yóò ṣì í gbọ́. Ibi tí ọ̀pá ti tẹ̀ kọdọrọ tàbí ẹnu rẹ̀ létí gọ́tà ni ó sábà máa ń dí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o láti ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gun àkàbà nínú òtútù bẹ́ẹ̀, kí ó sì rántí pé omi tí ó dà sílẹ̀ yóò di yìnyín tí ń yọ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tẹ bọ́tìnnì tí ń ta ẹ̀rọ jí.

Ọ̀nà láti dènà rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: ọ̀pá tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 32 dípò 21.5 níta, ìdagẹ̀rẹ̀ bíi mìlímítà 45 fún mítà kọ̀ọ̀kan, àti fóòmù tí òjò kò lè wọ̀ tí wọ́n fi wé e. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ṣọ́ra pẹ̀lú gbólóhùn pé fóòmù "kò jẹ́ kí òtútù wọlé". Yorùbá ń sọ pé òtútù mú ènìyàn bí ẹni pé òtútù jẹ́ ohun kan tí ń rìn. Ooru ni ó ń rìn, láti inú omi lọ síta, fóòmù kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Kò lè mú ọ̀pá gbóná. Bí òtútù bá pẹ́, tí omi sì dúró sójú kan, yóò dì nínú fóòmù náà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi dára jù kí ọ̀pá má jáde síta rárá, kí ó gba inú ilé lọ bá ọ̀pá ilé ìdáná. Láti ibi tí méjèèjì ti pàdé, kò sí ohun tí ń jẹ́ omi èéfín mọ́. Omi ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀.