Orin Tí Kò Ní Gbàgbé Wa

Bíbélì kíkà: Deutarónómì 31:19–30; 1 Sámúẹ́lì 18:6–9; 21:10–15; 29:1–11

Nígbà tí ọjọ́ ikú Mósè kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun méjì ló kọ sílẹ̀. Ó kọ ìwé òfin, ó sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ Léfì pé kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpótí májẹ̀mú. Ó tún kọ orin kan. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kó kọ ọ́, ẹnu àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló sì ní kó fi í sí. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹsẹ 21: lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé bá wọn, orin náà ni yóò dìde jẹ́rìí, torí pé kò ní kúrò lẹ́nu irú-ọmọ wọn.

Ọlọ́run mọ̀ pé ènìyàn lè pa ìwé dé, kó gbé e sórí àjà, kó má sì ṣí i mọ́. Nígbà ayé ọba Jòsáyà, inú ilé Olúwa gan-an ni Hílíkáyà àlùfáà ti ṣàdédé rí ìwé òfin (2 Àwọn Ọba 22). Ta ló wá lè pa orin dé? Ẹ wo ẹni tó ń fọṣọ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ Sátidé. Kò gbèrò àtikọrin. Orin ló wá bá a lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ èyí tí kò gbọ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò lóṣù yìí ni àwọn àwo orin tí a fẹ́ràn, pẹ̀lú ìrántí tó so mọ́ wọn. Ìbéèrè tí a sábà máa ń bi ara wa nínú ìdàpọ̀ ni pé, ṣé orin Ọlọ́run ni àbí orin ayé? Ìbéèrè gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Òmíràn wà tí a kì í bèèrè: ẹ̀rí wo ni orin yìí ń jẹ́ nípa mi?

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Dáfídì yẹ̀wò. Lẹ́yìn tó pa Gòláyátì, àwọn obìnrin jáde pẹ̀lú ìlù àti ijó, wọ́n ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún Sọ́ọ̀lù, wọ́n ka ẹgbẹẹgbàárùn-ún fún Dáfídì. Orin ayọ̀ ni lójú wọn. Lójú Sọ́ọ̀lù, èébú ni, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń fi ojú ìlara wo ọmọ Jésè. Nígbà tó yá, Dáfídì sá lọ sí Gátì. Àwọn ìránṣẹ́ Ákíṣì rántí orin yẹn, ẹ̀rù sì ba Dáfídì débi pé ó ṣe bí asínwín, tí itọ́ ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta wà ní orí 29, èyí tí a kì í wàásù lé lórí tó bó ṣe yẹ. Orin yìí kan náà ni àwọn ìjòyè Fílístínì rántí tí wọ́n fi ní Dáfídì kò gbọdọ̀ bá àwọn lọ sójú ogun. Ogun wo? Èyí tí Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì kú sí. Orin tó lé e kúrò láàfin ló tún gbà á lọ́wọ́ bíbá àwọn ará ilé rẹ̀ jà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú àwo orin. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin 43 lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú àwo ayé ìgbà náà kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ta iṣẹ́ tó gùn, wọ́n á kó àwo mélòó kan pọ̀ sínú ìwé alápò, bí èyí tí a ń kó fọ́tò sí. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, album, ti wá. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí ìwé fọ́tò ni wọ́n ṣì jẹ́ títí dòní.

Èyí tó wà nílé tiwa ni Bitter Experience ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́. Ẹ̀yin àgbà inú ìdàpọ̀ mọ ìtàn rẹ̀ jù mí lọ. Oníṣẹ́ rédíò ni ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kò sì fẹsẹ̀ rìn mọ́. Orí ibùsùn aláìsàn ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwo yẹn jáde ní 1998. Sweet Experience tẹ̀ lé e ní 1999. Ẹ kíyè sí i pé kò dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ máa padà kó tó dúpẹ́.

N kò tíì dáyé nígbà náà. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀ ní Jos. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún ìyá mi pé wákàtí méjì méjì ni kó máa yí wọn padà, kí egbò má bàa dá sí wọn lẹ́yìn. Iná kì í sí lóru, fóònù màmá sì máa ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá ti ń lò nínú ọkọ̀ wọn tipẹ́ ni màmá fi ń ka wákàtí. Wọ́n ń ra bátìrì bí ẹni ń ra iyọ̀. Ojú kan gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá parí, wọ́n á yí i sí èkejì. Bí ojú méjèèjì bá ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á jí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi á di èjìká mú, èmi á di itan mú, a ó yí bàbá wa. Oṣù mẹ́rìnlá ni a fi ṣe é kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Egbò kankan kò dá sí wọn lára.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, orin Ayéfẹ́lẹ́ kì í ṣe orin ilé aláìsàn. Túngbá ni, òde ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn alákòóso wa àtijọ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn orin náà sí i, gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n ń náwó fún ìyàwó. Èmi náà jó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ti ń múra àtigbé itan bàbá mi.

Nígbà tí mo sọ èyí fún arákùnrin kan, ó ní orin tó bá ń fa ènìyàn padà sínú ìbànújẹ́, kí á pa á rẹ́ lórí fóònù, ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwà àtijọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, kì í ṣe òkú ẹni. Àmọ́ orin wà tó yẹ kí ènìyàn fi sílẹ̀ lóòótọ́, ó tilẹ̀ lè jẹ́ orin ìyìn. Arábìnrin kan tí mo mọ̀ kì í gbọ́ àwo kan tó dára púpọ̀, torí inú ọkọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ bà á láyé jẹ́ ló ti ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó nígbà tí gbogbo wa dìde kọrin, ẹ má tètè sọ pé ó ti tutù nípa ti ẹ̀mí.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé orin Mósè, ẹ̀rí lòdì sí wọn ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, tí Nathaniel Bassey bẹ̀rẹ̀ Hallelujah Challenge lórí Instagram láago méjìlá òru, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti jáde báyìí ló wà níbẹ̀. Orin tí ẹ fi jẹ́jẹ̀ẹ́ lóru yẹn kò ní bèèrè bóyá ẹ ti ríṣẹ́ gidi kó tó rán yín létí.

Mo bi ìyá mi léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣì ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ní, “Ṣé o rò pé mo sùn lóṣù mẹ́rìnlá yẹn? Ẹni tó bá mi jí ni mò ń rántí.”

Fún ìjíròrò lọ́jọ́ Ẹtì, kí oníkálukú mú àwo kan wá, tirẹ̀ tàbí ti àwọn òbí rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ sílẹ̀, ohun tí ẹ tọrọ, àti ohun tí Ọlọ́run ṣe, títí kan èyí tí kò ṣe. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì, kó má fòyà, màá mú rédíò wá. Bátìrì ńlá mẹ́rin ló ń lò. Kí ẹni tó bá lè rí i bá wa mú un dání.