Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Sinimá mẹ́rin tí mo fẹ́ràn

Àwọn kan ń wo sinimá ẹ̀rín nìkan. Àwọn mìíràn, ti ìjà ni wọ́n fẹ́. Ní tèmi, oríṣiríṣi ni mo máa ń wò. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀rín lè kọ́ni lọ́gbọ́n, ẹkún náà lè kọ́ni.

1. Sinimá ẹ̀rín
Charlie Chaplin ṣe «Modern Times» ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936. Ó ṣe bí òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yí irin kéékèèké kí wọ́n lè le. Nígbà tí ó dá iṣẹ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yí irin tí kò sí níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rí i pé ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ.

2. Sinimá kọbọ́ì
Moustapha Alassane, ọmọ Niger, ṣe «Le retour d'un aventurier» ní ọdún 1966. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé. Ó kó aṣọ kọbọ́ì wá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da abúlé wọn rú. Aṣọ àjèjì yí ìwà wọn padà.

3. Sinimá abúlé
Idrissa Ouédraogo, ọmọ Burkina Faso, ṣe «Yaaba» ní ọdún 1989. Àwọn ará abúlé pe arúgbó kan, Sana, ní àjẹ́, wọ́n sì ta á nù. Ọmọdékùnrin kan, Bila, ń pè é ní Yaaba, ìyẹn ni ìyá àgbà. Nígbà tí ìbátan Bila ń ṣàìsàn, Sana gan-an ni ó rìn lọ wá oníṣègùn.

4. Sinimá ìwé owó
Sembène Ousmane ṣe «Mandabi» ní Senegal ní ọdún 1968, ní èdè Wolof. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ibrahima Dieng ń gbé Dakar. Kò mọ̀wé. Ọmọ arábìnrin rẹ̀, tí ń gbá títì ní Paris, fi máńdà 25 000 F ránṣẹ́ sí i. Kí ó fi 20 000 F pamọ́ fún ọmọ náà, kí ó fún ìyá ọmọ náà ní 3 000 F, kí ó mú ìyókù.

Owó kò tíì dé ọwọ́, àwọn aládùúgbò ti wá yá a. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n bi í léèrè káàdì ìdánimọ̀. Kò ní in. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì, wọ́n bi í léèrè ìwé ìbí àti fọ́tò. Kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹni tí yóò ya fọ́tò gba owó rẹ̀, kò fún un ní fọ́tò. Níkẹyìn, ìbátan rẹ̀ kan tí ó mọ̀wé, Mbaye, ní òun yóò bá a gba owó náà. Dieng fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà. Mbaye gba owó, ó ní olè ti jí i.

Kò sí ìbọn, kò sí àjẹ́. Ìwé pélébé kan ni ó ṣẹ́gun baálé ilé. Ẹ kíyè sí i: Mbaye mọ̀wé, ó sì fi í jalè. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀wé, kí a má bàa rẹ́ wa jẹ. Bí a bá sì mọ̀ ọ́n, kí a ka òtítọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tuntun
máńdà: ìwé tí a fi ń rán owó
fọwọ́ sí: fi orúkọ tàbí àmì ẹni sí ìwé

Ìbéèrè
1. Èéṣe tí wọn kò fi san owó fún Dieng?
2. Èló ni ó yẹ kí ó kù fún un? Ẹ ṣírò rẹ̀.
3. Níbo ni ẹ fi ìwé ìbí àwọn ọmọ yín pamọ́ sí?
4. Kí ni ó yẹ kí a ṣe kí a tó fọwọ́ sí ìwé?