"Lókèèrè" kọ́, láti ọ̀nà jíjìn ni

Ọ̀rọ̀ kan ta sí mi létí lórí rédíò láìpẹ́ yìí. Olóòtú ń bá ọmọ Oko-Akarè kan, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yọ̀, ó ní ó "kàwé gboyè máàsítà lókèèrè". Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀. Orí ayélujára ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ ti gbà pé ó wọ bàálù lọ.

"Ní" àti "láti" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó kàwé lókèèrè, ara rẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó gboyè láti òkèèrè, oyè ló rìn wá bá a. Ẹ wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ilé ni wọ́n wà, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n fi gboyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1944 ni wọ́n tó rìnrìn àjò lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Oyè ti àkọ́kọ́ wá láti òkèèrè. Ti èkejì, òkèèrè ni wọ́n lọ gbà á. Láti 1948 títí di 1962, oyè Lọ́ńdọ̀nù náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé gbogbo wọn kàwé lókèèrè?

Nínú ọ̀rọ̀ tí a lè fi pe irú ẹ̀kọ́ báyìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "ọ̀nà jíjìn", nítorí ọ̀rọ̀ ìṣe "jìn". Ọ̀nà a máa jìn, kànga a máa jìn, òru a máa jìn. Bí "jìn" bá pàdé "ilẹ̀", ohùn rẹ̀ á gòkè díẹ̀, á di "jinlẹ̀". Ibẹ̀ la ti rí "ìjìnlẹ̀" tí a fi ń pe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti oyè tó ga. Àwọn àgbà kó òkèèrè àti jíjìn sínú òwe kan ṣoṣo: òkèèrè ni olójú-jíjìn ti í mẹ́kún sun. Òkèèrè ń sọ ti ọ̀nà, jíjìn ń sọ ti kòtò ojú, oníkálukú sì jókòó sáyè rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fojú tín-ín-rín wo oyè tó wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ dé Massè, tàbí Onigbolo lọ́nà Pobè. Òkúta ẹfun inú ilẹ̀ ibẹ̀ ló fa ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wá. Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò á lọ òkúta náà kúnná, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹlẹbẹ, á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka iye kálísíọ̀mù àti sílíkà inú rẹ̀, nítorí ààrò tó ń dúró dè é gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ìwọ̀n bá ṣì, sìmẹ́ńtì kò ní í le bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń ṣe èyí lọ́sàn-án, tó ń ka kẹ́mísírì lóru, ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni yàrá ìwádìí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì jinlẹ̀.

Mo ti gba ọ̀rọ̀ "máàsítà" láyè. Ọdún 3 fún líísáǹsì, ọdún 2 fún máàsítà: bí àwọn yunifásítì Benin ṣe ń kà á nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti gba àga láàárín wa. Ṣùgbọ́n n kò ní í gba "lókèèrè" láyè. Ọmọ Oko-Akarè tó bá gbọ́ ọ á rò pé àfi kí bàbá òun ta ilẹ̀ kí òun tó lè kàwé débẹ̀. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ pé "ó gboyè láti ọ̀nà jíjìn, ẹnu iṣẹ́ ló sì wà tó fi gbà á", kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ọ̀nà wà fún òun náà.