Òòyì àti Àyà Lílù Nígbà tí A Bá Dìde Dúró

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, a ti gbọ́ ọ nípàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé lágbájá kò fẹ́ dúró ti ọjà rẹ̀ mọ́, ọ̀lẹ ni, kí a má ṣe yá a lówó. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ni. Àìsàn kan wà tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, ara a rọ̀ ọ́. Bí ó bá dìde dúró, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, òòyì a kọ́ ọ, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn. Àwọn obìnrin láti ọmọ ọdún 15 sí 50 ni ó ń ṣe jù. POTS ni àwọn dókítà ń pè é. Ìwé tí Schondorf àti Low kọ ní Amẹ́ríkà ní 1993 ni ó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí a bá dìde, ẹ̀jẹ̀ a ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Ó yẹ kí àwọn iṣan fún pọ̀ kí wọ́n tì í padà sókè. Bí wọn kò bá ṣe é tó, ọkàn a máa sáré láti dí àlàfo náà.

Ìdí nìyí tí wíwọn ìfúnpá lẹ́ẹ̀kan lórí ìjókòó kì í fi í hàn. Àwa tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò mọ̀ pé ẹni tí ó wo owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò lè mọ èyí tí ó dín. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí nọ́ọ̀sì ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí ó sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó dìde láìfara ti nǹkan kan, kí a tún kà á, kí a tún wọ̀n ọ́n, ní ìṣẹ́jú 1, 3, 5 àti 10. Kí ẹnìkan dúró tì í o, nítorí ó lè ṣubú.

Bí ìlù ọkàn bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i (40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19), bí àpẹẹrẹ láti 74 sí 112, tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá kò fi 20 wálẹ̀, tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò sì fi 10 wálẹ̀, tí ìnira náà sì ti tó oṣù 3, dókítà lè fura sí i.

Ṣùgbọ́n kí a má kánjú. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, oyún, nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù, àìsàn gẹ̀gẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá lè ṣe irú èyí. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo wọn wò kọ́kọ́. Ẹni tí ó bá dákú níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí tí àyà ń dùn, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Omi mímu dáadáa àti iyọ̀ wà nínú ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi iyọ̀ kún oúnjẹ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì mú un dání lọ bá dókítà.