Alùpùpù Lẹ́yìn Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀-ìṣe Wo Ni Ó Yẹ?

Bí ilé bá há tí kò sí ibi tí a lè gbé alùpùpù pamọ́ sí, tàbí tí inú ọkọ̀ bá ti kún fún ẹrù mìíràn, ẹni tí ó ń kó kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn a máa wá ọ̀nà tí alùpùpù náà yóò fi bá òun lọ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Gbólóhùn náà, "alùpùpù wà lẹ́yìn ọkọ̀", rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò dín ní mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé alùpùpù dúró láàárín àwọn ẹrù tí ó wà nínú ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pé a so ó kọ́ sára irin tí ó yọ síta lẹ́yìn ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ń fà á bọ̀ lórí ọmọlanke onírin tí a so mọ́ ọn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ń gùn ún tẹ̀lé ọkọ̀ náà. Ohun tí ó fa èyí ni pé "ẹ̀yìn" jẹ́ orúkọ fún apá kan lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún jẹ́ orúkọ fún ibi tí ó kù sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá. Nígbà tí "ní" bá sì bá a pàdé, "lẹ́yìn" kan náà ni à ń gbọ́ fún méjèèjì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìyàtọ̀, iṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóde òní nípa lílo "gbé" fún ohun gbogbo.

"Gbé" kò yẹ fún irú ẹrù yìí bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn. Bí a bá ní "ó gbé alùpùpù lọ sí Ìbàdàn", ohun tí olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ rò ni pé ẹni náà gùn ún lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ẹnìkan gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Bí a bá ní "ó gbé ọ̀kadà", ó túmọ̀ sí pé ó sanwó kí ẹlòmíràn fi ọ̀kadà gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Bí a bá sì ní "wọ́n ti gbé alùpùpù rẹ̀ lọ", olè ni ọkàn yóò sáré lọ bá. Kò sí èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí ó pé ni "ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé alùpùpù lọ sí Ìbàdàn", níbi tí "fi" ti kọ́kọ́ dárúkọ ohun èlò, tí "gbé" sọ iṣẹ́ tí a fi í ṣe, tí "lọ" sì tọ́ka sí ibi tí ẹrù dorí kọ. Irú ìhun báyìí ni àwọn onímọ̀ gírámà ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀, nítorí pé a sín àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ láìsí "àti" láàárín wọn. Ayọ̀ Bámgbóṣé sì jíròrò rẹ̀ nínú ìwé gírámà Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1966. Àṣìṣe tí ó ń gbilẹ̀ jù lọ níhìn-ín ni "ó gbé alùpùpù pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù", tí àwọn tí ó ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ máa ń lò. Ìbákẹ́gbẹ́ ni "pẹ̀lú" ń sọ ní èdè Yorùbá, kì í sọ ohun èlò. Ohun tí gbólóhùn náà wí ní ti gidi ni pé ẹnìkan gbé alùpùpù, ó sì gbé ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ọn.

Bí ẹrù bá ju ẹyọ kan lọ, "kó" ni ó tọ́, nítorí pé "gbé" wà fún ohun kan ṣoṣo, "kó" sì wà fún ọ̀pọ̀ ohun tí a gbá jọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, òfin tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà, Súrùlérè àti Àpápá wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; oníròyìn tí ó bá fẹ́ sọ bí a ti ń fi ọkọ̀ ńlá palẹ̀ ọ̀kadà tí a gbà mọ́ kò nílò ju "wọ́n kó ọ̀kadà sẹ́yìn ọkọ̀" lọ, nítorí pé "kó" ti sọ pé wọ́n pọ̀, kò pọn dandan kí "àwọn" ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ náà. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ọ̀kadà kì í ṣe orúkọ gbogbo alùpùpù. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983 tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹdó pè, ni a ti yá orúkọ náà fún àwọn alùpùpù tí ń fi owó gbé èrò, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ zémíjàn ni wọ́n ń pè wọ́n ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Alùpùpù tí ènìyàn ń gùn lọ sí oko tàbí ibi iṣẹ́ tirẹ̀ kò yẹ kí ó di ọ̀kadà nínú àkọsílẹ̀ tí ó bá fẹ́ péye.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe gbígbé ni ọ̀rọ̀-ìṣe síso wà, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ iṣẹ́ ti pàdé. "So" nìkan kò tíì sọ tó. Ohun tí ó bá tẹ̀ lé e ni ó ń sọ ipò tí ẹrù wà. Ohun tí a so mọ́ nǹkan fara kan nǹkan náà, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ohun tí a so kọ́ ń rọ̀ lófuurufú, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohun méjì tí a so pọ̀ ti di ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé alùpùpù lórí irin tí ó yọ síta lẹ́yìn ọkọ̀ ti so ó kọ́ ná, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà rán an létí ohun tí ó ń ṣe: alùpùpù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gùn ní ilẹ̀ wa máa ń wọ̀n ní nǹkan bíi 100 sí 120 kílò, bí a bá sì gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kọ́ kọjá táyà ẹ̀yìn, yóò tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì mú kí iwájú fúyẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdarí kò ní mú dáadáa mọ́. Bí irin náà bá ti jìnnà sí táyà ẹ̀yìn sí i ni wàhálà yìí ń pọ̀ sí i. Alùpùpù tí a gbé sínú ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a sì so mọ́ ara ọkọ̀, kò ní irú ìṣòro yẹn, nítorí náà ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "mọ́" àti "kọ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

"Dì" àti "dè" náà ní ààyè tiwọn. A máa ń di ohun tí ó lè tú ká, bí igi ìdáná tàbí aṣọ, kí ó lè wà lójú kan. A sì máa ń de ohun tí ó lè rìn fúnra rẹ̀, bí ewúrẹ́ tàbí ọ̀daràn, ìdí nìyí tí ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n fi ń jẹ́ òǹdè, tí ìjọba sì fi ń fòfin de nǹkan. Alùpùpù ní táyà méjì, yóò yí bí ọkọ̀ bá sáré dúró, nítorí náà dídè ni ó yẹ ẹ́ ju dídì lọ: okùn mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà á sísàlẹ̀ àti síta sí ìhà tirẹ̀, kí ó má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan, kí a sì fi igi tàbí irin há táyà iwájú mọ́.

Èyí tí ó ń da àwọn awakọ̀ láàmú jù ni orúkọ ohun tí ó ṣe okùn nígbà tí ẹrù bá ṣubú. Okùn já bí òun fúnra rẹ̀ bá pín sí méjì. Okùn tú bí kókó tí a ta bá ṣí. Okùn dẹ̀ bí kò bá le mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti kókó rẹ̀ wà láìyẹ̀. Ìkọ́ orí okùn sì bọ́ bí ó bá yọ kúrò níbi tí a fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa fi "okùn já" bo gbogbo wọn, wọn a sì ra okùn tí ó nípọn sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé okùn àkọ́kọ́ kò ní àbùkù kankan. Alùpùpù jókòó lórí sípíríǹgì; bí a ti ń fa okùn iwájú le ni sípíríǹgì ń wọlẹ̀ díẹ̀; nígbà tí ọkọ̀ bá sì bọ́ sínú kòtò, sípíríǹgì náà yóò tún wọlẹ̀ sí i, okùn yóò dẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìkọ́ tí kò ní ohun tí ó tì í yóò sì bọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé okùn dẹ̀, ìkọ́ bọ́, ẹrù ṣubú; kò sí ohun tí ó já. Ẹni tí ó bá lè sọ ọ́ báyìí yóò mọ̀ pé ìkọ́ tí ó ń pa ẹnu rẹ̀ dé ni òun nílò, àti pé ó yẹ kí òun dúró lẹ́yìn ìwọ̀n ìrìn díẹ̀ láti tún okùn náà fà le.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ẹni tí ó ni alùpùpù ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bà á, nítorí pé ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọ̀fẹ. Ìṣòro ohùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń kọ ìwé gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ pé ká gbé ẹrù wá sílẹ̀ ni "sọ̀", ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí "dì" ti di "di ẹrù" àti bí "dè" ti di "de ọ̀kadà". Nítorí náà, "sọ alùpùpù" tí ó túmọ̀ sí gbígbé e wálẹ̀ kò yàtọ̀ létí sí "sọ" tí a fi ń sọ òkò, ẹni tí ó wà lórí ọkọ̀ sì lè jù ú sílẹ̀. Arọ́pò-orúkọ ni ó ń yanjú rẹ̀: "sọ̀ ọ́" ni gbígbé wálẹ̀, "sọ ọ́" ni jíjù. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbára lé ohùn nìkan nínú ariwo gáréèjì lè sọ pé "ẹ rọra gbé e sọ̀", tàbí kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ilẹ̀, kí wọ́n sì yí alùpùpù náà wálẹ̀ lórí táyà rẹ̀.