Apòògùn Àdúgbò àti Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ: Ṣé Èrè Rẹ̀ Tó Owó Tí A Ná Sí I?

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe àìsàn tí a ń wò sàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni a ń tọ́jú rẹ̀. Ní ìlú Kàdúná, ilé oògùn tí ó wà ní Kawo, Barnawa tàbí Sabon Tasha sábà máa ń sún mọ́ aláìsàn ju ilé ìwòsàn ńlá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń béèrè bóyá ó yẹ kí iṣẹ́ apòògùn ju oògùn títà lọ, àti ta ni yóò san owó rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ náà?

Apòògùn yóò máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wò. Yóò ṣàlàyé bí a ṣe ń lo metformin tàbí insulin, yóò sì wádìí ohun tí kò jẹ́ kí aláìsàn lo oògùn rẹ̀ déédéé. Bí ó bá rí ewu, bíi egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná, yóò darí rẹ̀ sí dókítà ní kíákíá.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Ní ọdún 2013, Maxwell Adibe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 220 ní ilé ìwòsàn ńlá méjì, ní Enugu àti Nnewi. Ìdajì wọn gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀. Ìdajì yòókù gba àfikún ìtọ́jú apòògùn fún oṣù 12. Àfikún owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà 10,623 nígbà náà. Èrè rẹ̀ jẹ́ 0.12 nínú ọdún kan tí a gbé pẹ̀lú ìlera pípé, èyí tí ó tó nǹkan bí ọjọ́ 44.

Ilé ìwòsàn ni èyí ti wáyé. Ní ti apòògùn àdúgbò, àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jù ni ti ìlú Asheville ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ìlú ti sanwó fún apòògùn láti máa tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ní àtọ̀gbẹ sọ́nà. Ìròyìn ọdún 2003 fi hàn pé owó oògùn lọ sókè, ṣùgbọ́n owó dókítà àti ti ilé ìwòsàn wálẹ̀. Àpapọ̀ ìnáwó lórí ẹnì kan dín ní dọ́là 1,200 sí 1,872 lọ́dún.

Ta ni yóò sanwó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń sanwó, orí ọjà tí apòògùn bá tà ni èrè rẹ̀ sì ti ń wá. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú, ìpínlẹ̀ Kàdúná náà sì ní ètò tirẹ̀. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ń sanwó fún ìmọ̀ràn apòògùn, owó kékeré yóò ṣáájú owó ńlá tí a ń ná sórí ẹsẹ̀ gígé tàbí kíndìnrín tí ó bàjẹ́. Kékeré ni a ti ń pẹkàn ìrókò.

Ohun tí aláìsàn lè ṣe

Kí ó wo ìwé àṣẹ ara ògiri, nítorí kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ń ta oògùn ni ó ní apòògùn. Kí ó mú gbogbo oògùn rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ṣúgà rẹ̀ lọ, kí ó sì béèrè ìbéèrè. Kí ó má sì ṣe tìtorí èyí pa ọjọ́ tí dókítà dá fún un jẹ.